Sẹ́ńsọ̀ Hóró Èéfín Nínú Sàléńsà Ọkọ̀: Àlàyé fún Olùkọ́ ní Agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá dúró sí Owódé ní ìlú Ọ̀yọ́, tàbí sí oríta Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí agogo méje òwúrọ̀, yóò rí ohun mẹ́ta tí wọ́n máa ń pàdé níbẹ̀ lójoojúmọ́: àwọn ọmọ ilé-ìwé, àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ń pàtẹ, àti èéfín ọkọ̀. Ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀ ni tírélà ń gbà láti Èkó àti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin àti Òkè Ọya. Ní gbogbo ọdún tí iṣẹ́ ọ̀nà onílà méjì láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń falẹ̀, ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba Odò Ọbà kọjá ni ọkọ̀ ńlá àti kékeré jọ ń fún ara wọn mọ́. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń rìn tí ó ń dúró, tí awakọ̀ ń tẹná tí ó tún ń tẹ bíréèkì, ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń tú èéfín jù.

A ti gbọ́ ọ títí pé èéfín kò dára fún ara. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé: báwo ni èéfín náà ṣe pọ̀ tó? Ta ni ó wọ̀n ọ́n, kí ni ó sì fi wọ̀n ọ́n? Bí olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí, ìkìlọ̀ rẹ̀ kò ju èyí tí ìyá ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó kúrò nídìí ààrò. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àlàyé bí àwọn ẹ̀rọ tí ń fura sí hóró èéfín ṣe ń ṣiṣẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń dè mọ́ sàléńsà ọkọ̀ tí ń lo dísẹ̀lì. A ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ náà bá di tòkunbọ̀ tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. A ó sì mẹ́nu ba ọ̀nà tí a lè gbà fi ìmọ̀ yìí han ọmọ ilé-ìwé ní èdè abínibí rẹ̀ láìná owó púpọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún wa ní ti ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ fún. Nítorí náà, ọwọ́ àwa tí a ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ni iṣẹ́ náà kù sí.

Hóró èéfín ni a ó máa pe àwọn nǹkan kíkúnná tí èéfín ń gbé kiri. Èyí tí ó jẹ́ èédú nínú wọn, tí ó dúdú tí ó sì máa ń yi ọwọ́, ni a ó pè ní èédú èéfín. Asẹ́ èéfín ni ohun tí àwọn òyìnbó aṣeọkọ̀ gbé sí ojú ọ̀nà sàléńsà láti fi sẹ́ èéfín náà bí a ti ń sẹ́ ògì. Ní ti sẹ́ńsọ̀, àwọn kan lè fẹ́ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun bí 'ẹ̀rọ afura'. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mẹkáníìkì àti rìwáyà ní gbogbo ìgboro Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti fi ohùn Yorùbá pè é. Ìdájọ́ tiwa ni pé ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ti sọ di tirẹ̀ kò yẹ kí olùkọ́ lé jáde kúrò nínú kíláàsì.

Kí ni ó wà nínú èéfín?

Èéfín kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ oríṣiríṣi tí ojú kò lè rí wà nínú rẹ̀. Oru omi wà níbẹ̀. Àwọn hóró kíkúnná náà sì wà. Nínú àwọn hóró wọ̀nyí ni a ti rí èédú tí kò jóná tán, òróró ẹ́ńjìnnì tí ó di ìrì kéékèèké, àti ohun tí imí-ọjọ́ inú epo dà lẹ́yìn tí ó jóná. Ìyá àgbà tí ó ti fi igi dáná láti kékeré mọ èédú èéfín dáadáa, bí kò tilẹ̀ pè é ní orúkọ tí a pè é yìí. Òun ni ó ń dì mọ́ ìdí ìkòkò, òun náà ni ó ń so rọ̀ bí òwú dúdú lókè àjà ilé ìdáná.

Bí wọ́n ṣe tóbi tó ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkrómítà. Ìbú irun orí ènìyàn tó nǹkan bí máíkrómítà 50 sí 70. Hóró tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkrómítà 10 lọ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní PM10. Èyí tí kò ju 2.5 lọ ni PM2.5. Èédú tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tilẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkrómítà kan lọ. Bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nǹkan bí 500 sí 700 ni yóò kún ìbú irun orí kan ṣoṣo. Irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun máa ń dá èyí tí ó tóbi dúró. Èyí tí ó kéré máa ń bá èémí lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òmíràn sì ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2012 ni àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ka èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Láti 1988 títí di ìgbà náà, 'ó ṣeé ṣe' ni wọ́n ń wí. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ìlànà rẹ̀ ṣe: ó ní kí PM2.5 inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú má ṣe ju máíkrógíráàmù 5 nínú mítà kúbíìkì kan lọ, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún odidi ọdún. Nínú ìlànà ti 2005, 10 ni. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n ń wọn nǹkan ni wọ́n lè yí ìlànà padà báyìí. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n kò lè mọ̀ bóyá òun ti rú u tàbí òun kò rú u.

Ohun tí ojú lè rí àti ohun tí kò lè rí

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀, kí a má fojú kékeré wo ojú. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ ń fi àwọ̀ èéfín mọ àìsàn ọkọ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnnì, tàbí pé kò ráyè jóná tán. Èyí tí ó dà bí aró ń sọ pé òróró ẹ́ńjìnnì ni ó ń jóná, bí ti ọ̀kadà àtijọ́ tí a ń da òróró pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Funfun lè jẹ́ omi, ó sì lè jẹ́ dísẹ̀lì tí kò tilẹ̀ rí iná rárá.

Ní 1888, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Maximilien Ringelmann ṣe káàdì kan tí ó ya ìlà dúdú sí lórí funfun, láti orí èyí tí kò dúdú rárá títí dé èyí tí ó dúdú kirikiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ díwọ̀n èéfín ilé iṣẹ́ yóò gbé káàdì náà sókè, yóò sì wo èyí tí èéfín náà bá dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fa èéfín gba inú takàdá funfun, tí wọ́n sì ń wo bí takàdá náà ṣe dúdú tó. Àwọn mìíràn ń tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan èéfín sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tí kò dé òdì kejì. Ẹ̀rọ oní-ìmọ́lẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ ní àgbáyé gbára lé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àléébù gbogbo ìwọ̀nyí kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ń rí èéfín tí ó nípọn. Ẹ́ńjìnnì òde òní lè máa tu hóró kéékèèké tí kò lóǹkà kí ojú má sì rí èéfín kankan lẹ́nu sàléńsà rẹ̀. Nítorí èyí ni orílẹ̀-èdè Netherlands, láti oṣù kìíní 2023, ṣe fi ẹ̀rọ tí ń ka hóró ní oókan rọ́pò ẹ̀rọ oní-ìmọ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò ọkọ̀ dísẹ̀lì tí ó ní asẹ́. Wọ́n ti rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ asẹ́ rẹ̀ dànù máa ń yege lójú ẹ̀rọ àtijọ́.

Sẹ́ńsọ̀ inú sàléńsà

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi amọ̀ funfun sun títí ó fi le, tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọdé lọ. Wọ́n ya ìlà irin olówó iyebíye sí ojú rẹ̀ lọ́nà méjì, bí òòyà méjì tí a ki eyín wọn bọ àárín ara wọn láìjẹ́ kí eyín kan fara kan èkejì. Òòyà kìíní gba iná láti ọ̀dọ̀ bátìrì. Èkejì ni ó yẹ kí iná náà ti jáde. Ṣùgbọ́n iná kò lè kọjá, nítorí pé amọ̀ ni ó wà láàárín wọn, amọ̀ kì í sì í gbé iná.

Èédú ń gbé iná. Orí ohun kékeré yìí ni gbogbo ọgbọ́n náà dúró lé. Bí èéfín bá ti ń fẹ́ kọjá lára pátákó náà, hóró èédú ń bà lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hóró ń so mọ́ hóró, bí ẹni ń to òkúta sínú odò láti fi sọdá. Fún ìgbà díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kò rí ohunkóhun, nítorí pé òkúta kò tíì dé èbúté kejì. Ní ọjọ́ tí afárá àkọ́kọ́ bá já, iná díẹ̀ yóò ṣàn; bí afárá bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá dé ìwọ̀n kan tí wọ́n ti là kalẹ̀, ohun ìgbóná tí ó wà lẹ́yìn pátákó náà yóò tàn, yóò gbóná kọjá ìwọ̀n 600 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀ọ̀sì, gbogbo èédú náà yóò sì jóná. Ojú òòyà yóò mọ́, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣi èyí gbọ́, nítorí náà a fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò dà bí òṣùwọ̀n ọlọ́jà tí a gbé nǹkan lé tí ó sì sọ iye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí garawa tí a gbé sábẹ́ òrùlé tí ń jò. A kì í fi garawa mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ní ìṣẹ́jú yìí. Àkókò tí ó gbà kí garawa tó kún ni a fi ń mọ bí ihò òrùlé ti tóbi tó. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bréènì, mọ bí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ tó àti iye èédú tí ó yẹ kí ó ti jáde. Ó ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ pé bí asẹ́ èéfín bá ti ya, garawa yóò kún láàárín àkókò báyìí. Bí ó bá kún kí àkókò náà tó pé, asẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, iná ìkìlọ̀ yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Bí àkókò bá kọjá tí garawa kò kún, asẹ́ ṣì dára.

Ewu kan wà tí ó jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ náà máa ṣe sùúrù. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, oru omi inú èéfín máa ń di omi lára sàléńsà tútù. Ẹni tí ó bá ti ta omi sí gíláàsì àtùpà tí iná ń jó nínú rẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀kán omi bá kan amọ̀ tí ó ti gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bréènì kì í tan ohun ìgbóná náà títí gbogbo sàléńsà yóò fi gbẹ.

Àwọn oríṣi mìíràn wà. Ọ̀kan ń fi iná alágbára ta hóró kọ̀ọ̀kan lẹ́rù iná bí wọ́n ti ń kọjá, ó sì ń wọn ẹrù tí wọ́n gbé lọ. Òmíràn kì í wo èédú rárá: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi so ó mọ́ asẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí ó sì ń wo bí agbára èéfín ti yàtọ̀ sí ara wọn ní ojú méjèèjì. Bí asẹ́ bá ti ń dí, iwájú yóò máa le sí i, gẹ́gẹ́ bí èémí ẹni tí ó fi aṣọ nípọn bo imú. Kí ẹ má ṣe pa àwọn méjèèjì pọ̀ o: ti rọ́bà ń sọ bóyá asẹ́ ti kún, ti òòyà, tí ó wà lẹ́yìn asẹ́, ń sọ bóyá ó ya.

Asẹ́ tí a gé dànù

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ni ó bí asẹ́ àti sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí. Ìlànà Euro 4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005 gba ọkọ̀ dísẹ̀lì kékeré láàyè láti tu mílígíráàmù 25 hóró èéfín ní kìlómítà kan. Euro 5, ní 2009, sọ ọ́ di 5. Kò sí bí ẹ́ńjìnnì nìkan ṣe lè ṣe èyí láìsí asẹ́. Asẹ́ náà rí bí afárá oyin tí a fi amọ̀ ṣe: ihò kan ṣí níwájú ó sì dí lẹ́yìn, èyí tí ó tẹ̀ lé e dí níwájú ó sì ṣí lẹ́yìn, tí èéfín fi ní láti gba inú ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Bí ó bá kún, ọkọ̀ yóò fúnra rẹ̀ mú kí ó gbóná títí èédú inú rẹ̀ yóò fi jóná. Ìrìn tí ó gùn, tí ó sì yá, ni ó ń jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe.

Ọkọ̀ irú èyí ni ó ń di tòkunbọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òǹkọ̀wé yìí bá ọ̀rẹ́ kan mú jíìpù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní ìgboro Ọ̀yọ́ nítorí iná pupa rẹ́súrẹ́sú tí kò kú níwájú ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi ayùn gé àpótí irin kan, ó fa òkúta dúdú oníhò wẹẹrẹ jáde, ó jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí irú rẹ̀ bíi mélòó kan ti wà, ó sì jó irin náà padà. Mo bi í léèrè ohun tí òkúta náà ń ṣe. Ó ní, 'Ẹ má dá a lóhùn jàre, tíṣà. Kò ṣe nǹkan kan ju kí ó máa fún ọkọ̀ lọ́rùn lọ.' Iná náà kò kú síbẹ̀, nítorí pé sẹ́ńsọ̀ rí i pé asẹ́ ti lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe rìwáyà kan tí ó mọ̀ nípa bréènì. Ó so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọn, ó sì pa ojú sẹ́ńsọ̀ dé. Ọ̀rẹ́ wa láyọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì fò bí ẹyẹ. Èéfín ibẹ̀ kò dúdú púpọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní mọ̀.

A kò lè dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lẹ́bi nìkan. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni ó ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ohun tí òkúta oníhò náà ń ṣe, ní èdè tí ó gbọ́. Ìrìn láti Owódé dé Akẹ̀sán kò tó láti mú asẹ́ gbóná kí ó lè fọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ epo tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì ń di hóró fúnra rẹ̀, ó sì ń ba ohun tí ń ran asẹ́ lọ́wọ́ jẹ́. Láti 2009, dísẹ̀lì ilẹ̀ Yúróòpù kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 10 imí-ọjọ́ nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní 2016, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní imí-ọjọ́ tí ó ju èyí lọ fíìfíì. Àjọ ECOWAS fẹnu kò ní 2020 pé kí ó má ju 50 lọ láti oṣù kìíní 2021, kí ọkọ̀ tí ń wọlé sì tó ìwọ̀n Euro 4 ó kéré tán. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísẹ̀lì ní oṣù kìíní 2024.

Ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà dé náà kò mọ́. Ní 2020, ìwádìí ìjọba Netherlands lórí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó láti èbúté wọn wá sí Áfíríkà fi hàn pé ọ̀pọ̀ jùlọ kò tó Euro 4, àti pé ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò mọ́ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, asẹ́ mìíràn ti lọ kí ọkọ̀ tó rí òkun. Ní ti òfin tiwa, àjọ NESREA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ bẹntiróò àti dísẹ̀lì láti 2011. Òfin wà. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ń sọ nípa ìwọ̀n kò lè ṣiṣẹ́ ní ojú pópó tí kò sí òṣùwọ̀n.

Sẹ́ńsọ̀ ojú pópó

Àwọn kan yóò béèrè pé, ṣé a kò lè gbé ẹ̀rọ kékeré kan sí Tákìé kí ó máa ka èéfín fún wa? A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ oní-lésà kékeré wà tí owó rẹ̀ kò ju ti fóònù alátẹ̀ kékeré lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, tí ó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, sì lè tò ó pọ̀ fúnra wọn. Ohun tí ó ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé onípáànù. Bí oòrùn bá gba ihò páànù wọlé, a máa ń rí eruku tí ń jó nínú ìtànṣán náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí i ní ibòmíràn nínú yàrá. Hóró kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta ìmọ́lẹ̀ náà sí ojú wa. Ẹ̀rọ yìí ń tan ìtànṣán lésà, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ó sì ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ó ta sí ojú rẹ̀.

Kò ṣeé fi sínú sàléńsà. Ooru yóò pa á, èédú yóò sì bo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Hóró tí ó bá kéré púpọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá máíkrómítà lọ kì í ta ìmọ́lẹ̀ tí ó tó kí ó rí, irú rẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú èédú dísẹ̀lì. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ ní àkókò òjò, hóró á máa wú, ẹ̀rọ á sì máa purọ́. Èyí tí ó burú jù fún ìwádìí wa ni ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ń kó eruku wá bò wá. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀rọ ní Tákìé ní oṣù kìíní tí ó sì sọ pé ti tírélà ni gbogbo rẹ̀, kò mọ Chad mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Jẹnẹrétọ̀ tún wà níbẹ̀, ààrò alákàrà wà níbẹ̀, ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun wà níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ojú pópó ń sọ ohun tí a ń mí símú. Ti inú sàléńsà ń sọ ẹni tí ó tú u síta. A nílò àwọn méjèèjì.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ nínú kíláàsì

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Bàbá Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí ó sì yé e. Kò yẹ kí sẹ́ńsọ̀ le ju ohun tí wọ́n kọ́ wọn nígbà náà lọ. Àwọn ohun tí a ó nílò ni bátìrì fóòtì 9, gílóòbù LED kékeré kan, wáyà díẹ̀, takàdá àti pẹ́ńsù tí ó dúdú dáadáa, irú èyí tí wọ́n kọ 6B sí lára tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ń lò.

Kí olùkọ́ so bátìrì mọ́ gílóòbù, kí ó sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wáyà méjì. Kí ó fi ẹnu wáyà méjèèjì lé takàdá funfun: gílóòbù kò ní tàn. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí ọmọ kan fi pẹ́ńsù kun takàdá náà láàárín wáyà méjèèjì, fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ó tó nípọn, kí àlàfo náà má sì ju ìbú ìka kan lọ. Ní àkọ́kọ́ kò ní sí nǹkan kan. Bí ọmọ náà bá ti ń kùn ún sí i, gílóòbù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn fírífírí, yóò sì máa mọ́lẹ̀ sí i. Ohun dúdú inú pẹ́ńsù jẹ́ ìbátan èédú èéfín. Àwọn méjèèjì ń gbé iná. Kí olùkọ́ wá gba rọ́bà ìpawé, kí ó pa á rẹ́, kí gílóòbù sì kú. Rọ́bà ìpawé yẹn ni ohun ìgbóná ẹ̀yìn pátákó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti fi èyí hàn kì í tún béèrè ìdí tí sẹ́ńsọ̀ kò fi rí nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì gba sùúrù. Kí a gé káàdì funfun mẹ́rin, kí a fi fasilíìnì pa wọ́n lójú díẹ̀, kí a sì so ọ̀kan mọ́ fèrèsé tí ó kọjú sí títì, ọ̀kan sẹ́yìn ilé-ìwé, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, kí a sì fi ìkẹrin pamọ́ sínú àpótí. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí àwọn ọmọ fi awò amúǹkantóbi wò wọ́n, kí wọ́n sì to wọ́n láti orí èyí tí ó mọ́ dé orí èyí tí ó dúdú, bí Ringelmann ti ṣe. Eruku pupa yóò wà lára wọn. Kí wọ́n kọ́ láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú. Kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́, kí a sì tún un ṣe ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ní ọ̀sẹ̀ tí òjò kò bá rọ̀ púpọ̀, kí a má bàa ka ẹ̀ṣẹ̀ aṣálẹ̀ sí awakọ̀ lọ́rùn. Kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n gbé káàdì kọ̀ọ̀kan kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí olùkọ́ sì tọ́jú wọn di ọdún tí ó ń bọ̀.